Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọkọ̀-Ilé Lórí Òkè

 

Arábìnrin kan tí ń gbé ní Inverness, ní ilẹ̀ Scotland, ni ó kọ̀wé sí wa. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ háyà ọkọ̀-ilé fún ọjọ́ kan nígbà ìsinmi àwọn ọmọ, ìyẹn mọ́tò tí a ṣe ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìgbẹ́ sí inú rẹ̀. Ó fẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta gba orí òkè Bealach na Bà lọ sí Applecross, nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gba ibẹ̀ rí. Arábìnrin yìí ní àyà òun ń já, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kí a pe òun ní ojo.

Ọmọ mi, ìbẹ̀rù rẹ bọ́gbọ́n mu. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ìtumọ̀ Bealach na Bà ní èdè ìbílẹ̀ wọn ni Ọ̀nà Àwọn Màlúù, nítorí àwọn darandaran ni wọ́n ń da ẹran gba ibẹ̀ láyé àtijọ́. Ní ọdún 1822 ni a la ọ̀nà náà. Ní Tornapress, létí omi, ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gun òkè títí ó fi ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2,054. Níbi tí ó le jù, bí mọ́tò bá rin ẹsẹ̀ márùn-ún, yóò ti gun tó ẹsẹ̀ kan sókè. Mọ́tò kan ṣoṣo ni ọ̀nà náà gbà, àwọn kọ́nà rẹ̀ sì ká bí ejò. Ìjọba ri pátákó ńlá mọ́ ìdí òkè náà, wọ́n kọ ọ́ sí i pé kí ẹni tí ń kọ́ mọ́tò wíwà, mọ́tò tí ó tóbi púpọ̀, àti ilé tí à ń fi mọ́tò fà má ṣe kọjá máìlì kìíní.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀-ilé gùn ju ogún ẹsẹ̀ bàtà lọ. Bí ó bá pàdé mọ́tò mìíràn ní kọ́nà, ẹnì kan ní láti fi ẹ̀yìn rìn. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà láàárọ̀, ṣé ẹ̀bá ọ̀gbun ni yóò ti kọ́ ọ? Ẹ rántí pẹ̀lú pé ènìyàn ń gbé Applecross. Bí ọkọ̀ yín bá há, aláìsàn tí a ń gbé lọ sí ọsibítù lè wà lẹ́yìn yín.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní àwọn ọdún 1970 ni a parí ọ̀nà mìíràn tí ó gba etí òkun láti Shieldaig dé Applecross, bíi máìlì 24. Kí wọ́n gba Achnasheen lọ sí Kinlochewe, kí wọ́n wá gba àárín àwọn òkè Torridon bọ́ sí Shieldaig. Òkè Liathach tí ó ga ju ẹsẹ̀ 3,400 lọ yóò wà lókè orí wọn. Àwọn ọmọ yóò rí òkè, wọn yóò sì rí òkun, baba wọn kò sì ní fi ẹ̀mí wọn ta ayò.

Gbogbo ìrìn náà lé díẹ̀ ní máìlì 90 ní àlọ nìkan. Ẹ má ṣe fi ìṣirò ọ̀nà ńlá ṣe é. Ẹ fi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ sílẹ̀ fún àlọ, kí ẹ fi iye kan náà sílẹ̀ fún àbọ̀. Bí wọ́n bá kúrò nílé ní aago mẹ́jọ, wọn yóò dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Wọn yóò jẹun, wọn yóò kí ìrun Ayílà, èyí tí àkókò rẹ̀ máa ń lé ní aago kan lọ́hùn-ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Kí wọ́n ti fi ẹnu kò nílé pé aago méjì ààbọ̀ ni àwọn yóò yí padà, ìbáà ṣe pé eré ń dùn mọ́ àwọn ọmọ.

Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè nǹkan wọ̀nyí. Láísẹ́ǹsì mọ́tò kékeré tí a gbà láti ọdún 1997 kò gbà ju kílò 3,500 lọ, ti ènìyàn àti ẹrù inú ọkọ̀ pẹ̀lú. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà kò sì wúlò níbẹ̀ ju ọdún kan lọ fún ẹni tí ó ti di olùgbé. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà ẹ má ṣe rọ omi kún ọkọ̀ nítorí ọjọ́ kan. Ẹ ka bẹ́líìtì, ẹ má ṣe ka ibùsùn, nítorí ọkọ̀ tí ènìyàn mẹ́rin lè sùn sí lè ní àga oníbẹ́líìtì méjì péré. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, tí kò sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, àga ọmọ ni kí ó jókòó sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dùbúlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Ẹ pa gáàsì, kí ẹ sì ti gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù.

Lójú ọ̀nà tóóró, ibi tí wọ́n fẹ̀ sí i wà fún mọ́tò láti yà fún ara wọn. Ẹ má ṣe gúnlẹ̀ síbẹ̀ láti ya fọ́tò. Ẹ yà fún ẹni tí ń gun òkè bọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ń kánjú lẹ́yìn yín kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti wọ jíà kékeré kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, nítorí búrẹ́kì tí a ń tẹ̀ láìsinmi a máa gbóná, bí ó bá sì gbóná jù, kì í mú mọ́.

Ọmọ mi, má ṣe bá ọkọ rẹ jà. Lálẹ́, nígbà tí ó bá jẹun tán, gbé máàpù síwájú rẹ̀, kí o sọ pé: “Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ bá mi wo ọ̀nà etí òkun yìí, ó wù mí.” Ọkùnrin tí ó bá fẹ́ràn ilé rẹ̀ yóò gbọ́.

Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí á máa lọ ire, kí á máa bọ̀ ire. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.