Ìgò Òróró Ojú Fèrèsé

Ẹ̀yin ará Woolwich àti Thamesmead! Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí àwọn òróró olóòórùn wọ̀nyẹn, lavender, tea tree àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí a máa ń kán sínú òrí kí a tó fi ra orí ọmọ. Ẹlòmíì gbé ìgò tiẹ̀ sójú fèrèsé balùwẹ̀! Oòrùn ń pa á, ooru omi gbígbóná ń bò ó, ìdérí rẹ̀ ò sì dé tán.

Ìmọ́lẹ̀, ooru àti afẹ́fẹ́ ló ń bà á jẹ́. Ti èèpo ọsàn wà lára àwọn tó ń yára bàjẹ́ jù. Tea tree tuntun lè má ṣe ọmọ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n èyí tó ti bàjẹ́ lè mú kí awọ orí rẹ̀ máa yún, kó sì pọ́n. Bí òórùn rẹ̀ bá ti yàtọ̀, tàbí tó ti ń ki, ẹ má sọ pé owó ńlá lẹ fi rà á. Èmi oníṣirò owó ni mo ní kí ẹ kọ ọ́ sí àdánù.

Ìgò aláwọ̀ dúdú tó dé pinpin, nínú fíríìjì, lókè tọ́wọ́ ọmọ ò tó, ló yẹ ẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sí i lára. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun mímu ọmọ o! Ṣíbí ìmutíì kan eucalyptus tó láti pa ọmọ kékeré lára gan-an. Bó bá mu ún, ẹ má fún un lépo pupa bí wọ́n ti ń ṣe nílé, ẹ má sì fipá mú un bì. Ẹ pe 111. Bó bá ń tòògbé tàbí tí mímí rẹ̀ le, 999 ni. Kí ẹ mú ìgò náà dání tí ẹ bá ń lọ sí Queen Elizabeth.