Nígbà Tí Owó Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Kò Bá Tó

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kan àpò yín. Bí owó kò bá tó, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wo ni kí àwọn aláṣẹ ó dì mú, èwo ni kí wọn ó fi sílẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dáhùn kíákíá pé kí a ka orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ibi tí wọ́n bá ti kéré, kí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìtàn ilẹ̀ wa ni n ó sì fi sọ ìdí rẹ̀.

Ní ọdún 1943 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan, tí Walter Elliot ṣe olórí rẹ̀, láti wádìí ọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School, wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n jábọ̀ ní 1945, ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Àwọn tí ó pọ̀ jù, tí Ransome-Kuti wà pẹ̀lú wọn, fẹ́ kí ó wà ní ibi mẹ́ta: Nàìjíríà, Gold Coast tí í ṣe Gánà lónìí, àti Fourah Bay ní Sierra Leone, èyí tí C.M.S. dá sílẹ̀ ní 1827, tí Ajayi Crowther sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn ìyókù wí pé owó àti olùkọ́ kò tó. Ìbàdàn nìkan ni ó yẹ. Àwọn ará Gold Coast kọ̀ jálẹ̀, owó kòkó wọn sì wà lára ohun tí ó gbé tiwọn dúró ní 1948, ọdún kan náà pẹ̀lú Ìbàdàn. Mo fẹ́ràn apá yìí, nítorí àgbẹ̀ ni ó dá àwọn ọ̀mọ̀wé lóhùn.

Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé wa níhìn-ín. Ní oṣù January 1948, a kó akẹ́kọ̀ọ́ 104 láti Yaba Higher College lọ sí Ìbàdàn. Ní Yaba, a ti ń kọ́ni ní ìṣègùn, iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ ẹnjinía. Ìṣègùn rí àyè ní Ìbàdàn, iṣẹ́ àgbẹ̀ tẹ̀lé e ní 1949, Látìnì àti Gíríìkì pàápàá rí àyè. Ṣùgbọ́n a kò rí àyè fún ẹnjinía. (Èmi kò gan Gíríìkì o; ẹni tí ó bá fẹ́ ka Májẹ̀mú Tuntun bí a ti kọ ọ́, òun ni yóò kọ́.) Zaria ni ẹ̀kọ́ ẹnjinía lọ fìdí kalẹ̀ sí lẹ́yìn 1950. Ó di 1970 kí Ìbàdàn tó dá ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ tirẹ̀ sílẹ̀: ọdún 22 gbáko! Bí kò bá sí Zaria ńkọ́?

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi àwọn aláṣẹ ni èyí: bí ẹ bá ti ẹ̀ka yìí, níbo mìíràn ni ọmọ wa yóò ti rí i kọ́? Bí olùkọ́ bá ti túká, tí ẹ̀rọ sì ti dípẹtà, owó tí a ó fi tún un bẹ̀rẹ̀ lè ju èyí tí a rò pé a pa mọ́ lọ. Ìbéèrè kejì ni pé, ta ni ó ń fi ara ti ẹ̀ka náà? Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ẹ̀ka ìṣirò lè máà pé ogún, ṣùgbọ́n ọmọ ẹnjinía, ọmọ físíìsì àti ọmọ ètò ọrọ̀ ajé ni ó kún yàrá rẹ̀. Bí a bá ń gé igi nígbó, kí á fi ọ̀ràn ro ara wa wò.

Èmi kò wí pé kí a má ti ohunkóhun. Àwọn ẹ̀ka tí orúkọ wọn yàtọ̀, tí olùkọ́ kan náà sì ń kọ́ ohun kan náà nínú wọn, kí a so wọ́n pọ̀ kíá. Èyí tí a ṣí nítorí owó ìwọlé nìkan, tí kò ní olùkọ́, kò yẹ kí a ti ṣí i rárá. Ṣùgbọ́n bí a ó bá tì í, kí a dáwọ́ gbígba ẹni tuntun dúró ná, kí àwọn tí ó ti wọlé ó parí lábẹ́ olùkọ́ tí wọ́n bá níbẹ̀, kí a sì kọ̀wé sí òbí wọn ṣáájú kí wọn ó tó san owó ọdún tí ń bọ̀.