Ta ló wà lódìkejì fóònù yẹn?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe áàpù fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ,

N kò wá bú yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

Àǹtí mi ń ta ata ní ọjà Bódìjà. Nígbà tó ń gba oògùn kímò nítorí jẹjẹrẹ ọyàn, wọ́n fi áàpù kan sórí fóònù rẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n ní kó máa fi sọ bí ara ṣe ń ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀. Lóru ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tó gba kímò kẹta, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Ọmọ rẹ̀ bá a wá ibi tí wọ́n kọ ibà sí. Áàpù náà ní kí wọ́n fi 0 sí 10 sọ bó ṣe le tó. Wọ́n tẹ 8. Fóònù gbé òdòdó kan jáde, ó ní òun dúpẹ́.

Àǹtí mi bá sùn. Ó ṣáà ti rò pé wọ́n ti gbọ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kímò máa ń dín ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà kù. Bí ara bá ti gbóná dé 38°C, ojú ẹsẹ̀ ni ọsibítù yá. Ọ̀sán ọjọ́ kejì la tó gbé e débẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Mo bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé ta ló ń ka ohun tí aláìsàn ń tẹ̀. Wọ́n ní ìparí oṣù ni wọ́n ń kó o jọ. Ìparí oṣù!

Ẹ fẹ́ràn láti máa fi ìwádìí tí Ethan Basch àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní New York yangàn, èyí tó jáde ní 2017. Òótọ́ ni. Aláìsàn 766 ni wọ́n tẹ̀ lé, tí jẹjẹrẹ wọn ti ràn kọjá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìdajì àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ròyìn ara wọn ló lò ju oṣù 31 lọ láyé. Lọ́dọ̀ àwọn yòókù, oṣù 26 ni. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, bí ìnira bá ti le, ìmeèlì á já sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì á sì wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ̀rọ lẹ mú níbẹ̀, ẹ fi nọ́ọ̀sì sílẹ̀.

Ti òǹkà 0 sí 10 yẹn náà tún wà ńbẹ̀. "Ó ń ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi" ni Àǹtí mi máa ń wí. Mélòó nínú 10 nìyẹn? Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ sì yọ owó oṣù ẹni tí yóò gbọ́ ọ sọ́tọ̀ kí ẹ tó na kọ́bọ̀ lórí òdòdó.

Àǹtí mi ti yọ áàpù náà kúrò. Nọ́ńbà nọ́ọ̀sì kan ló kù lórí fóònù rẹ̀. Tí ara bá ni ín, á fíláàṣì rẹ̀. Owó ara rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ọ̀hún fi ń pè é padà.