Ẹ Yéé Ta Àjíǹde Irun fún Wa

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kíláàsì mi kan gbé àwòrán ìpara irun kan sí WhatsApp status rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Irun tí bílíìsì bà jẹ́ á padà bọ̀ sípò láàárín ọjọ́ 14. Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà péré. Ẹ tètè ra tiyín." Mo fèsì, mo ní, "Padà bọ̀ sípò báwo?" Ó fi ẹ̀rín ránṣẹ́. Mo tún béèrè. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má ba ọjà jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni, mo sì mọ̀ pé èrè tó ń rí níbẹ̀ ló fi ń wọkọ̀ wá sí kíláàsì. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà yẹn, màá bà á jẹ́.

Mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀, torí ó ti ṣojú mi, ó sì ti ṣorí mi. Ijegun-Egba ni mò ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ìgbéyàwó ọmọ àbúrò màmá mi ku ọjọ́ mẹ́ta, mo lọ bó irun mi sí àwọ̀ wúrà. Irun náà gùn dé àyà mi nígbà yẹn. Onídìrí náà po àtíkè funfun pọ̀ mọ́ omi inú ike kan tí wọ́n kọ Vol. 40 sí lára. Kò béèrè bóyá rílásà wà lórí mi. Rílásà wà lórí mi, èmi náà kò sì sọ. Mo kàn ní kó jọ̀ọ́ kó ṣe é kíá. Irun náà pọ́n, ó dà bí èèpo ọsàn, lẹ́yìn náà ló wá di wúrà. Gbogbo ẹbí ló kí mi lọ́jọ́ ìyàwó. Lọ́sẹ̀ kejì, nígbà tí mò ń fọ irun, ó fà lọ́wọ́ mi bíi rọ́bà, ó sì já.

Mo sáré padà lọ. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ma, ṣé ó máa padà?"

"Á padà, ọmọ mi. Ṣáà ra èyí."

Mo ra èyí. Mo ra ìyẹn. Ibi tí a ń gbé kò jìnnà sí Trade Fair, níbi tí ohun ìṣaralóge ti ń wọlé ní páálí páálí, nítorí náà kò sí ìgbà tí n kò rí òmíràn rà. Kí sẹ̀mẹ́sítà tó parí, owó ìwé tí màmá mi fún mi ti wọ inú ike lọ tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà náà. Irun tí ẹ ń rí lórí, òkú ni. Gbòǹgbò rẹ̀ nínú awọ orí nìkan ló wà láàyè. Bó bá ti yọ síta, kò ní ẹ̀jẹ̀, kò ní iṣan, kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó lè jinná. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ń jinná torí pé ẹran ara ààyè ń hù bò ó. Aṣọ òkè tó ya kì í hun ara rẹ̀ padà.

Irun orí èèyàn ń gùn ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, irun tó lọ́ kóókóó bíi tiwa sì sábà máa ń dín díẹ̀ sí i. Ẹ wá ṣírò irun tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40. Ṣóńṣó rẹ̀ ti lé ní ọdún mẹ́ta. Ṣóńṣó tèmi ti wà lórí mi láti ìgbà tí mo wà ní SS2, nígbà tí màmá àgbà ṣì ń fi òwú kó irun fún mi ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ti lọ sinmi báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sá fún sísọ́ọ̀sì, tí mo sì ń ra ohunkóhun tí wọ́n bá ṣáà ti pè ní àtúnṣe. Irú wa pọ̀ láàárín akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó ń tà á sì mọ̀ wá.

Ohun tí bílíìsì ń ṣe kò ṣòro láti yé èèyàn. Hydrogen peroxide ni omi inú ike yẹn. Vol. 20 jẹ́ ìdá 6 nínú 100, Vol. 30 jẹ́ ìdá 9, Vol. 40 jẹ́ ìdá 12. Àtíkè tí wọ́n pò mọ́ ọn ń jẹ́ kí ìpẹ́ ara irun là, kí omi náà lè wọlé lọ bá melanin, ìyẹn ohun tó sọ irun wa di dúdú, kó sì fọ́ ọ túútúú. Àmọ́ kì í dúró lórí melanin. Àwọn ìdè tó ń fún irun lágbára, ó ń já nínú wọn. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ara irun, ó ń bó o dànù. Rílásà ẹ̀wẹ̀, àwọn ìdè yẹn kan náà ló ń já kí irun lè nà. Ẹni tó bá da bílíìsì lé rílásà ti fi ọ̀bẹ méjì gé okùn kan. Orí mi fojú winá rẹ̀.

Kí wá ni ìpara ẹgbẹ̀rún méjìlá ń ṣe? Ó ń ṣe nǹkan, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Silicone inú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ojú irun tó ti là, irun á máa dán, ìyàrun á sì gba inú rẹ̀ kọjá láìfà á já. Ó dára kéèyàn ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kun ògiri tó sán ní ọ̀dà kò tún ògiri ṣe, bí ẹ bá sì fọ irun lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀dà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ ta ọ̀dà, kẹ́ ẹ pè é ní ọ̀dà. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi, ó ní ó ṣiṣẹ́ fún òun. Òun kò bó irun rí!

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta tewé-tegbò, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ torí pé ti ìbílẹ̀ ni. Eérú ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, ìyẹn ló fi ń jẹ èérí bẹ́ẹ̀, ó sì le jù fún irun tí ìpẹ́ rẹ̀ ti là. Ńṣe ló ń là á sí i. Ọ̀kan tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún ni òróró àgbọn. Ní 2003, Rele àti Mohile ní Íńdíà tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi òróró àgbọn wé òróró sunflower àti mineral oil. Ti àgbọn nìkan ló dín protein tí irun ń pàdánù kù dáadáa, títí kan irun tí bílíìsì ti bà jẹ́. Ẹ kíyè sí i dáadáa: ó dín àdánù kù. Wọn kò sọ pé ó dá èyí tó ti lọ padà. Mò ń fi í pa irun mi ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo bá fẹ́ fọ̀ ọ́, èyí tí mo bá rí rà láti ọ̀nà Àgbádárìgì. Owó rẹ̀ kò sún mọ́ ẹgbẹ̀rún méjìlá.

Ẹ wo omi náà. Omi bọ̀ọ́hóòlù ilé wa, bí a bá fà á sínú báàkẹ́ẹ̀tì funfun lálẹ́, á ti dà bíi tíì kí ilẹ̀ tó mọ́. Irin inú rẹ̀ ni. Ó ti sọ gbogbo aṣọ funfun àbúrò mi di aláwọ̀ ìpẹtà. Irin àti bàbà máa ń dúró sínú irun, bí hydrogen peroxide bá sì bá wọn níbẹ̀, ìbàjẹ́ tó ń ṣe á pọ̀ sí i. Onídìrí wo ló ti bi yín léèrè rí pé omi wo lẹ fi ń fọ irun kó tó po bílíìsì? Ní ìgbà òjò, omi òjò ni mò ń gbè fún irun mi, lẹ́yìn tí mo bá ti jẹ́ kó kọ́kọ́ fọ páànù dáadáa, torí pé èéfín táńkà epo tó ń gba àdúgbò wa kọjá kì í ṣe kékeré.

Mo mọ̀ pé àwọn ẹ̀gbọ́n wa akẹ́kọ̀ọ́jáde kan ti ń mi orí: "Ta ló ní kẹ́ ẹ máa ṣe irun bí òyìnbó?" Festac wà nítòsí wa, nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn èèyàn dúdú ti 1977 ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, orúkọ yẹn ni wọ́n sì fi ń wàásù fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ fi orí wa sílẹ̀. Yorùbá ti ń fi irun dárà kí òyìnbó tó gúnlẹ̀. Ìlàrí ń fá apá kan orí, ó ń dá apá kan sí. Ọkùnrin tó jẹ́ ẹlẹ́gùn Ṣàngó ń di irun bí ìyàwó. Ẹni tó bá fẹ́ irun aláwọ̀ wúrà, kó ṣe é. Irọ́ tí wọ́n ń tà fún un lẹ́yìn ìgbà náà ni èmi ń bá jà.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ kọ́kọ́ mú irun tó já, kẹ́ ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí kókó funfun kékeré bá wà níbẹ̀, láti gbòǹgbò ló ti tu. Bó bá ń tu bẹ́ẹ̀ ṣáá, tàbí tí awọ orí bá jó, tó ń ṣe egbò, dókítà awọ ara ni kẹ́ ẹ lọ rí, kì í ṣe ẹni tó ń ta ìpara. Bí kò bá sí kókó níbẹ̀, irun náà já lágbedeméjì ni, ọ̀rọ̀ àtọ́jú àti sùúrù nìyẹn. Kò sí rílásà mọ́, kò sí iná mọ́. Ìgbà tí irun bílíìsì bá tutù ló rọ jù, nítorí náà ọwọ́ ni mo fi ń tú u, pẹ̀lú kọ̀ńdíṣọ́nà, láti ṣóńṣó wá sókè. Mi ò so àtáṣímẹ́ńtì tó wúwo mọ́ ọn.

Òwú ni mo sì padà sí. Ìyá kan lẹ́yìn ilé wa ṣì ń kó irun, bíi irú èyí tí J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò rẹ̀ láti 1968. Mo ní kí wọ́n má fà á le. Òwú ń na irun láìsí iná, ó sì ń bo ṣóńṣó rẹ̀ kó má baà máa ha ara aṣọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rí orí mi, wọ́n pòṣé, wọ́n ní, "Ta ló ṣe báyìí fún ọ, ọmọ yìí?" Mo ní èmi ni. Wọn ò ta nǹkan kan fún mi. Wọ́n ní kí n lọ mú sísọ́ọ̀sì wá.

Láti ìgbà yẹn, lóṣù méjì-méjì, mò ń gé ìwọ̀n ìka kan kúrò. Irun dúdú tuntun ti hù dé etí mi. Èyí tí ọwọ́ màmá àgbà kàn ti lọ ná. Mo sunkún lọ́jọ́ tí mo gé e, mo sì pa díẹ̀ mọ́ sínú bébà.

Ẹ̀yin onídìrí, ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ béèrè nípa rílásà. Ẹ dán bílíìsì wò lára ìdì irun kékeré kan lẹ́yìn orí, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fà á wò kẹ́ ẹ tó da ìyókù sí i. Bí oníbàárà bá ní òun ń kánjú bíi tèmi, ẹ ní kó máa lọ.

Ní ti ọ̀rẹ́ mi, mo ti bá a kọ ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè fi sábẹ́ àwòrán ìpara rẹ̀: "Ó ń mú irun dán, ó ń jẹ́ kó rọrùn láti yà. Kò lè tún èyí tó ti bàjẹ́ ṣe." Mo fi ránṣẹ́ sí i lánàá. Ó ti kà á, kò tíì fèsì.