Àwòrán Ọpọlọ Nìkan Kò Lè Fi Schizophrenia Hàn
Ní 1976, Eve Johnstone, Tim Crow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé-ìwòsàn Northwick Park, Lọ́ńdọ̀nù, ya àwòrán ọpọlọ aláìsàn 17 tó ní schizophrenia, irú àrùn wèrè kan. Àwọn ihò olómi inú ọpọlọ wọn fẹ̀ ju ti àwọn tí ara wọn dá lọ. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ni ìyàtọ̀ yìí: ọ̀pọ̀ aláìsàn wà tí àwòrán ọpọlọ wọn kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá, oògùn tí wọ́n ń lò pàápàá sì lè yí ìwọ̀n ọpọlọ padà. Àṣìṣe ńlá, tó lè da ẹbí aláìsàn láàmú, ni àpilẹ̀kọ èyíkéyìí tó bá sọ pé àwòrán kan ṣoṣo ń tú àṣírí wèrè. Ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn, ìṣesí rẹ̀ àti àlàyé àwọn ará ilé rẹ̀ ni dókítà fi ń dá àrùn náà mọ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán ṣì wúlò láti wò bóyá kókó tàbí ọgbẹ́ wà nínú ọpọlọ.