Ẹ Jẹ́ Kí Tábìlì Ìjẹun Wa Jọ Igi

Olóòtú,

Mo fẹ́ sọ tẹnu mi lórí ọ̀rọ̀ tábìlì ìjẹun. Káfíńtà ò wọ́n wa ní Pleasure níbí. Síbẹ̀, ẹni tó bá rówó díẹ̀, èyí tí wọ́n fi gúlúù lẹ ìyẹ̀fun igi pọ̀ ṣe lókè òkun ló ń lọ rà. Kí omi dà sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó ti wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì!

Àwọn kan á ní iṣẹ́ igi tiwa ò ní àrà. Irọ́ ni. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n fi hàn ní Wembley ní 1924. Òyìnbó ò fẹ́ dá a padà mọ́, àga ọba ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, George Nakashima (1905–1990) kì í gé etí pákó dọ́gba. Bí igi ṣe wọ́ nígbó ló ń fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Níbi tó bá ti là, á fi igi tó rí bíi labalábá há a kó má baà là sí i.

Kí ló ní kí tiwa má rí bẹ́ẹ̀? Ẹ wo ìdí àràbà. Gbòǹgbò tó yọ síta bí ìyẹ́ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, òun ló ń di igi gíga bẹ́ẹ̀ mú lọ́wọ́ ìjì. Tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fẹ̀ nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tó máa mì. Àmọ́ kéèyàn kàn ya ewé sórí pákó, kó ní òun ti fara wé igi, ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn o.

Ẹ̀bi pọ̀ lọ́wọ́ àwa oníbàárà. A ó san àsansílẹ̀ lónìí, a ó ní ká bá a ní Sátidé. Igi tútù ni káfíńtà á fi ṣe é. Bẹ́ẹ̀, pákó tó nípọn tó íńṣì kan lè fẹ́ tó ọdún kan kí atẹ́gùn tó gbẹ ẹ́. Ọyẹ́ á dé, tábìlì á là, a ó wá máa bú káfíńtà. Kódà, igi gbígbẹ náà ń wú díẹ̀ lójò, ó ń sún kì lọ́yẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí wọ́n kan orí tábìlì mọ́ férémù gbagbaagba.

Ẹ̀yin káfíńtà náà, ẹ yé wo fọ́tò inú fóònù nìkan. Ẹ béèrè iye ẹni tó máa jókòó: ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, gíga rẹ̀ á sì tó íńṣì 30. Ẹ ya á sórí páálí kí oníbàárà rí i. Ẹ jẹ́ kó bá yín lọ yan pákó, ìrókò ni o, apá ni o, kó fọwọ́ pa á.

N ò sọ pé kò wọ́n. Igi tó tẹ̀ ń fi pákó ṣòfò, ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí tábìlì kan bá gba oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́ta ni ọmọ iṣẹ́ á fi rí nǹkan kọ́. Ilẹ̀kùn tó bà jẹ́ nìkan là ń gbé fún ọ̀gá wọn báyìí, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń sá lọ gun ọ̀kadà.

Èmi ti bá káfíńtà kan ládùúgbò wa sọ ọ́. Pákó apá mi ti wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ó ń gbẹ.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Pleasure, Alímọ̀ṣọ́, Èkó.