Òkè ni Odi Kírìjì

Bí olùkọ́ bá dárúkọ ogun Kírìjì nínú kíláàsì, orúkọ ènìyàn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ kà sílẹ̀: Ògèdèǹgbé Agbógungbórò ti Iléṣà, Fábùnmi Òkèmẹ̀sí, Látòósà Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò. Àwọn orúkọ wọ̀nyí tó kọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tí yóò dárúkọ òkè, bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti àwọn òkè tí ó wà láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni, ogun náà kì bá tí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kódà, ọ̀dọ̀ òkè ni ogun ti gba orúkọ: ìró ìbọn tí ó ń kọ lu àpáta ni àwọn ènìyàn gbọ́ bí "kírìjì".

Ní ọdún 1878 ni Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkèmẹ̀sí. Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìgbómìnà para pọ̀ láti bọ́ àjàgà náà kúrò lọ́rùn. Ní ọdún yẹn kan náà, Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn àti Ìlọrin lẹ́bàá Ìkìrun. Àwọn tí ó ń sá lọ kó sínú odò Ọ̀tìn, ni wọ́n bá ń pe ìjà náà ní Jálumi. Lẹ́yìn èyí ni Èkìtì Parapọ̀ gba orí òkè lọ.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Ìbàdàn ni Ògèdèǹgbé fúnra rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ ogun, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń jà. Ìbàdàn tẹ̀dó sí ìhà Ìgbájọ, Èkìtì Parapọ̀ sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, odò Fẹ̀jẹ̀bọ́jú sì wà láàrin wọn. Nígbà tí ìbọn Snider, tí a ń ki láti ẹ̀yìn, dé láti Èkó gba ọ̀nà Oǹdó, ṣakabùlà Ìbàdàn kò tó o mọ́. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè lé ẹnì kejì kúrò lórí òkè. Ibùdó ogun di ìlú: wọ́n mọ ilé alámọ̀, wọ́n dáko, wọ́n bímọ. Ibùdó yẹn ni Látòósà kú sí ní ọdún 1885.

Ní ilẹ̀ Kòríà, odi kan wà lórí òkè nítòsí Seoul tí wọ́n ń pè ní Namhansanseong, tí ògiri rẹ̀ gùn tó kìlómítà 12. Ní ìgbà òtútù ọdún 1636, Ọba Injo sá wọ inú rẹ̀ nítorí ọmọ ogun Qing. Ọjọ́ 47 péré ni ó lò, ó jáde wá túúbá, nítorí pé oúnjẹ ti ń tán. Ìmẹ̀sí-Ilé kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sí oko àti sí Èkó. Ọdún 2014 ni UNESCO fi odi Kòríà sínú ìwé ogún àgbáyé. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wọ ìwé náà láti 2005. Òkè Kírìjì kò sí níbẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ dúró lé lórí jù lọ ni ìwé àdéhùn àlàáfíà ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, 1886. Ó sọ pé Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n pé ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ lè kúrò. Ẹ wo gbólóhùn náà dáadáa. Ènìyàn lè lọ. Ilé, oko àti sàréè bàbá rẹ̀ kò lè bá a lọ. Àlàáfíà tí wọ́n ń yìn yẹn, àwọn ará ìlú mẹ́rin ni ó san owó rẹ̀, a kì í sì í gbọ́ orúkọ wọn nínú ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ ogun pàápàá kò tètè gbà á gbọ́: ọdún 1893 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ibùdó ká, nígbà tí Gómìnà Carter dé láti Èkó.

Nítorí náà, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ kó ọmọ lọ wo ojú ogun, kí ó má ṣe dúró sí Ìmẹ̀sí-Ilé nìkan kí wọ́n ya fọ́tò kí wọ́n padà. Kí ọkọ̀ náà yí gba Ìgbájọ, kí àwọn ọmọ sì wo òkè kan náà láti ìhà kejì.